Ọdún kejì mi ní Òṣogbo rèé, n kò tíì lọ́rẹ̀ẹ́. Ibo ni ẹ̀yin ti rí tiyín?

OmiTútù
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì kan níbí ní Òṣogbo, ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni mò ń kọ́. Agége ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo gba yàrá kan sí Òkè-Baálẹ̀, torí nígbà tí mo fi máa dé, ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ti kún.

Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Láàárọ̀ mo lọ gbọ́ ẹ̀kọ́, nírọ̀lẹ́ mo dé, mo mu gààrì, mo sùn. Tó bá ti di ọ̀sán Jímọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì wa á ti so báàgì kọ́ èjìká: ará Ìbàdàn ń lọ Ìbàdàn, ará Ìlá ń lọ Ìlá, ará Ìwó ń lọ Ìwó. Àdúgbò á wá dá páropáro títí di àárọ̀ Mọ́ńdè. Èmi àti ajá onílé la máa ń ṣẹ́kù.

Kì í ṣe pé n kò gbìyànjú o. Ní ọdún kìíní, mo san owó aṣọ ẹ̀ka wa, mo tún san ₦7,500 fún àsè alẹ́ ìparí ọdún. Wọ́n sún àsè náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì, a ṣèdánwò tán, oníkálukú lọ sílé, kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ padà fún wa. Aṣọ náà ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fọ̀ ọ́ tó sún kì, àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ń wọ̀ ọ́ báyìí. Mo wà nínú gúrúùpù WhatsApp mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ibà bá dá mi gúnlẹ̀ lónìí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, níbo lẹ ti rí èèyàn yín? Ẹ má sọ pé kí n lọ sí pátì. Mo lọ sí ọ̀kan. Ariwo sípíkà kò jẹ́ kí n gbọ́ orúkọ ọmọkùnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí kan.

Gààrì_Ìjẹ̀bú
Mẹ́sàn-án péré? Mẹ́tàdínlógún ni tèmi. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ láti fi dáwó kéèkì ọjọ́ ìbí ẹnì kan tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó jáde.

Ṣùgbọ́n ajá yẹn, kí lorúkọ ẹ̀?

Akáwọ́sẹ́yìn
Àbúrò, ìwé lo wá kà. Ọdún márùn-ún ni mo lò, n kò wọ ẹgbẹ́ kankan, n kò dáwó kéèkì fún ẹnikẹ́ni, ìwé tí mo sì gbà jáde ń fọhùn títí dòní. Àwọn tí wọ́n ń ṣe kọ̀mítì òsì kọ̀mítì ọ̀tún nígbà yẹn, èmi ni mò ń bá wọn kọ ìwé ìwáṣẹ́ báyìí. Jókòó ti ìwé rẹ. Ọ̀rẹ́ ń bẹ níwájú.

Ẹlẹ́mu_Àárọ̀
Ẹ̀gbọ́n Akáwọ́sẹ́yìn, ẹ kú ìkàwé sà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ yìí kọ́ lẹ dáhùn.

OmiTútù, èmi o, inú ẹgbẹ́ Kegites, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́mu iléèwé gíga, ni mo ti rí tèmi. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti fi ẹnu ba ẹgbẹ́ yìí jẹ́ létí rẹ, kí n yáa sọ bó ṣe rí. Yunifásítì Ifẹ̀ ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ó sì ti ràn dé iléèwé gíga káàkiri. Ilya la ń pe ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la máa ń jókòó, agbè á wà láàárín, ìlù á wà, orin á wà, wọn á fún ọ lórúkọ tí ìwọ fúnra rẹ á fi ara rẹ rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kì í mu emu máa mu omi, kò sẹ́ni tó máa fi ipá ki agbè bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Èmi tí mo ń kólòlò láti kékeré, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀ níwájú ogójì èèyàn. Tí mo bá kólòlò, wọ́n á fi ìlù gbè mí lẹ́sẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi jáde.

Ojúmọmọ la ń ṣe tiwa, gbogbo ayé ń gbọ́ orin wa. Ẹgbẹ́ tó bá ní kí o wá lóru, kí o má sọ fún ìyá tó bí ọ, sá fún un. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Hìjáàbù_Funfun
Ẹlẹ́mu, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti èmi kò gba ọ̀dọ̀ agbè.

Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN, ni tèmi. Láti 1954 ló ti wà, Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n má rò pé ibi wáàsí ni mo ti rí ọ̀rẹ́ o. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń lọ síbi wáàsí, tí mò ń jókòó lẹ́yìn, tí wọ́n bá ti ṣàdúà parí, màá wọ bàtà mi, ó di ilé. N kò mọ ẹnì kan. Ìgbà tí ààwẹ̀ dé ni wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn se oúnjẹ ìṣínu, mo bá ní mo lè se ìrẹsì.

Irọ́ ni. Ìrẹsì ilé wa ni mo lè sè, ti èèyàn mẹ́fà. Ìkòkò tí wọ́n gbé fún mi, èmi gan-an lè wọ inú rẹ̀. Ó jóná. Àwa mẹ́ta la jókòó sídìí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà tí à ń fi ìkarahun àti iyanrìn ha á, a rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan nínú wa fi sunkún. Àwọn méjèèjì yẹn ló wá jókòó tì mí nílé ìwòsàn nígbà tí wọ́n yọ apẹ́ńdíìsì mi.

Ní Fountain, yunifásítì tí NASFAT, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan, dá sílẹ̀ níbí, ìbátan mi kan wà níbẹ̀, wọn kì í ṣe pátì rárá, síbẹ̀ òun ló ní ọ̀rẹ́ jù nínú ìdílé wa. Àríyànjiyàn ìtagbangba ló ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń múra sílẹ̀ máa ń pariwo mọ́ra wọn.

Ìyá_Onílé
Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ ló wà nílé mi. Tí mo bá jókòó síta láàárọ̀, mẹ́ta nínú wọn máa kọjá níwájú mi, okùn á wà létí wọn, wọn kò ní kí mi. Ṣé kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni wọ́n ni? Tí wọ́n bá wá délé, ilẹ̀kùn, gbàà! Ó di ọjọ́ kejì.

Ọ̀kan wà tó ti jáde báyìí, ọmọ Ìkàrẹ́. Tó bá ti rí i pé mò ń bó ẹ̀gúsí, á fà àpótí, á jókòó, á máa bá mi bó o. Kò sọ ohun kan tó ṣe gbòógì, ẹjọ́ olùkọ́ wọn ni. Ọjọ́ tí ọmọ yẹn parí, ìyá rẹ̀ gbé iṣu mẹ́wàá wá láti Ìkàrẹ́, ó ní ọmọ òun sọ pé òun ní ìyá kan ní Òṣogbo. Mo sunkún.

OmiTútù ọmọ mi, ṣé o ti kí onílé rẹ láàárọ̀ yìí?

OmiTútù
Ìyá wa, mo kúnlẹ̀ mà. Mo máa ń kí wọn, ṣùgbọ́n ní tòótọ́ n kì í dúró. Mo gbọ́ mà.

Ọmọ_Òkukù
Ohun kan wà tí ẹ kò tíì sọ. UNIOSUN, yunifásítì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dá sílẹ̀ ní 2006, wọ́n fọ́n ọn ká ni. Òṣogbo ni sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìṣègùn; Òkukù ni àwa tí a ń kọ́ nípa owó àti àwùjọ; Ẹ̀jìgbò ni iṣẹ́ àgbẹ̀; Ìkirè ni èdè àti àṣà; Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́; Ìfẹ́tẹ̀dó ni òfin. Ìyẹn ni pé ẹni tó fẹ́ di lọ́yà àti ẹni tó fẹ́ di dókítà lè ṣe iléèwé kan náà títí wọ́n á fi jáde láìpàdé ara wọn, àfi bí wọ́n bá jọ lọ sí ìdíje eré ìdárayá.

Ní Òkukù, kò sí ibi tí o fẹ́ sá sí. Ẹni tí ẹ jọ gbọ́ ẹ̀kọ́ láàárọ̀ lẹ máa jọ dúró sídìí alákàrà lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o ti mọ gbogbo èèyàn, o tún ti bá méjì jà. Òṣogbo tóbi jù. Èèyàn kò ní ṣèèṣì pàdé ẹ níbẹ̀. Ìwọ lo máa wá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: tí ẹ̀ka yín bá ṣètò ìrìn àjò lọ sí omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, san owó náà. Omi náà ń bọ́ ní ìpele ìpele lórí òkè, bí ẹ bá ti kọjá ìpele kejì, kò sẹ́ni tó lè dá gùn ún láìjẹ́ pé ẹnì kan na ọwọ́ sí i.

ÀgbàÒròkí
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti òwúrọ̀. Gbogbo yín sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti sọ ọgbà iléèwé di ìlú. Ẹ ń gbé inú Òṣogbo Òròkí, ẹ ń sọ pé kò sí ibi tí ẹ ń lọ.

Ní 1962, kò tíì sí yunifásítì kankan níbí. Dúró Ládípọ̀, onítíátà yẹn, ní ilé ọtí kan, òun àti òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ulli Beier bá sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń ṣe eré, tí wọ́n ń ya àwòrán. Orúkọ rẹ̀ ni Mbári, èdè Ìgbò ni wọ́n ti mú un. Àwọn ará ọjà tó ń gba ibẹ̀ kọjá kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ bí Yorùbá: bí mo bá rí i, màá yọ̀. Ó bá di Mbári Mbáyọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò ní ìwé kan tó pọ̀ lọ́wọ́. Jimoh Buraimoh ń ṣe iná fún àwọn òṣèré ni o. Ẹni tó ń jó wà níbẹ̀, ẹni tó ń lùlù wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ti ìdí iná dé ìdí ọ̀dà àwòrán nìyẹn, títí ayé fi mọ orúkọ wọn. Ìyá Níkẹ̀ẹ́ Okundaye aládìrẹ náà, ìlú yìí ló ti tan orúkọ rẹ̀ ká.

Lónìí, lọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yunifásítì mẹ́wàá ibi tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ nílùú aró. Wọ́n á ní àwọn rí i lórí Instagram.

Omi Òṣun wà níbẹ̀, igbó Òṣun wà níbẹ̀, láti 2005 ni UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé. Àwọn èèyàn ń wọkọ̀ òfuurufú wá wo iṣẹ́ ọwọ́ Àdùnní Olórìṣà, obìnrin ará Ọsiria tó lo ọ̀pọ̀ ọdún níbí títí ó fi kú ní 2009. Ìwọ tí o gba yàrá sí Òkè-Baálẹ̀, o ha ti débẹ̀ rí? Tó bá di oṣù kẹjọ tí wọ́n ń ṣe ọdún Òṣun, dúró. Má lọ sí Agége. Lọ wo Ìwọ́pópó, ìyẹn ìwẹ̀mọ́ ojú pópó ìlú tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún náà, kí o wá lọ wo alẹ́ àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún. Láti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń tàn án títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èmi àti ìyàwó mi, ibi àtùpà yẹn la ti pàdé. Ẹ má bi mí lọ́dún wo.

Gààrì_Ìjẹ̀bú
Ọdún wo, bàbá?

Hìjáàbù_Funfun
Bàbá, ẹ kú àlàyé. Ìtàn Mbári yẹn dùn mọ́ mi gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, kò ní lọ síbi àtùpà. Kò túmọ̀ sí pé a kórìíra ìlú. Olùkọ́ wa kó wa wọ igbó yẹn lọ kọ́ orúkọ igi, àwọn ọ̀bọ sì jí búrẹ́dì mi. Ìyẹn tó fún mi.

ÀgbàÒròkí
O dára, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ní kí o tẹríba fún ohun tí o kò gbà. Àwọn ọ̀bọ yẹn, wọn kì í bi èèyàn léèrè ẹ̀sìn. Tèmi náà ti lọ síbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni.

Abẹ́là_Gbóná
OmiTútù, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́, ọdún kẹrin. Sátidé tí gbogbo ayé bá ti lọ sílé, ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ alábẹ́là nínú ìlú ni mo máa ń wà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. A máa yọ́ abẹ́là lórí sítóòfù, a máa fi fóòmù tí a gé lóríṣiríṣi tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ funfun, lẹ́yìn náà a ó rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí abẹ́là wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Ìparí rẹ̀ ni omi gbígbóná tó máa yọ abẹ́là kúrò. Mélòó kan la máa ń jẹ́ níbẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, obìnrin kan tó ń tajà ní Ìgbọ́nà, ọmọkùnrin kan tí kò kàwé rárá tó sì mọ iṣẹ́ náà ju gbogbo wa lọ. Kọ̀rọ̀ ni màá ti júwe ibẹ̀ fún ọ. Aṣọ tí kò jọ ẹ lójú ni kí o wọ̀ wá.

Wò ó, tí o bá wá, má wá wá ọ̀rẹ́. Wá yọ́ abẹ́là.

Akáwọ́sẹ́yìn
Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ohun tí mo sọ lánàá. Nígbà tí mo fẹ́ gbéyàwó, wọ́n ní kí n mú ọ̀rẹ́ ọkọ wá. Ẹni tí mo mú, ibi iṣẹ́ la ti pàdé, oṣù mẹ́ta péré la fi mọra. Alága ìjókòó ní kó sọ ìtàn kan nípa mi fún àwọn èèyàn. Ó ní mo máa ń tètè dé ibi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kàwé rẹ o.

OmiTútù (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo lọ sí fèlóṣípù kan ná, torí ìyá mi kò ní dákẹ́ tí n kò bá lọ. Wọ́n ní kí àlejò dìde, wọ́n kọrin fún mi, wọ́n gba nọ́ńbà mi. Ó di gúrúùpù WhatsApp kẹwàá. N kò bú wọn, ibẹ̀ kò kàn bá mi lára mu ni.

Mo wá lọ sọ́dọ̀ Abẹ́là. Sátidé àkọ́kọ́, mo jó ìka méjì. Aṣọ tí mo ṣe kò jọ nǹkan kan, ìyá náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó jọ àwòrán orílẹ̀-èdè kan, kí n lọ wá orúkọ rẹ̀. Sátidé kejì, n kò fẹ́ lọ, obìnrin tó ń tajà ní Ìgbọ́nà yẹn ló pè mí lórí fóònù, ó ní ta ni yóò wá fọ ìkòkò abẹ́là. Mo lọ. Láti ọjọ́ yẹn, n kò pa ọ̀kan jẹ.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀. À ń fọwọ́ ní ọjọ́ kan, ó ní ṣé mo ti wo àwọ̀ odò Òṣun lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí, bó ṣe pọ́n bíi tíì oníwàrà, torí àwọn tó ń wa góòlù lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ó mọ̀ nípa ẹrẹ̀ inú rẹ̀, kò mọ̀ nípa ohun alààyè inú rẹ̀. Èmi mọ̀ nípa ìyẹn. Ní Àìkú tó kọjá, àwa méjèèjì àti ọmọkùnrin tí kò kàwé yẹn lọ bu omi lábẹ́ afárá, òun ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ kì í ti í yọ̀. Àwo mẹ́rin ló wà ní yàrá àyẹ̀wò wa báyìí, mo gba àyè lọ́wọ́ olùkọ́ mi. Tó bá dọ̀la, màá ka ohun tó hù.

Ìyá wa onílé, mo ń bá tèmi bó ẹ̀gúsí mà. Wọ́n ní mo lọ́ra.

ÀgbàÒròkí, mo ti sọ fún wọn ní Agége pé n kò ní wá sílé ní oṣù kẹjọ. Wọ́n ń bínú.

ÀgbàÒròkí
Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé àgbàlagbà kan ló bẹ̀ ọ́.

Gààrì_Ìjẹ̀bú
Gbogbo èyí dára. Orúkọ ajá ńkọ́?

OmiTútù
Súúrù. Ṣùgbọ́n kò ní.

Abẹ́là, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́là ti gbẹ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì mi tí mo fi ń lọ iléèwé, ó ti di gan-in. Kí ni mo lè ṣe sí i?

Abẹ́là_Gbóná
Mo sọ fún ọ pé aṣọ tí kò jọ ẹ lójú! Fi ọ̀bẹ tí kò mú họ èyí tó nípọn kúrò. Fi ìwé ìròyìn sí abẹ́ aṣọ, fi òmíràn sí orí, kí o wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ìwé náà ló máa fà á mu. Máa pààrọ̀ ìwé náà. Tí iná kò bá sí, mú un bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ìkòkò omi gbígbóná ti wà lórí iná tẹ́lẹ̀.